Bátìrì ọdún 50: níbo la ó kó o sí?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Betavolt ní Ṣáínà ti kéde bátìrì átọ́míìkì rẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn kan ní Abẹ́òkúta níbí ń sọ̀rọ̀ bíi pé wàhálà iná wa ti dópin. Lóòótọ́, wọ́n ní yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 50 láìsí pé a ń gba iná sí i, nítorí ìtànṣán tó ń jáde lára irin kan tí wọ́n ń pè ní nickel-63 ló ń sọ di iná. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ìdá 10,000 wáàtì kan ṣoṣo lọ, kò sì lè gbé fóònù kankan.

Ibi tí yóò parí sí ló ń kọ mí lóminú jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọmọdékùnrin kan ní Láfẹ́nwá tó ń fi òkúta fọ́ bátìrì sólà, tó sì ń fi eyín fa bàbà yọ lára wáyà rẹ̀. Ìtànṣán nickel-63 kò lè gba awọ ara kọjá, mo gbà, àmọ́ bí èèyàn bá gbé e mì ńkọ́? Ní Goiânia, ní Brazil, lọ́dún 1987, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n pa tì. Caesium inú rẹ̀, tó ń tú ìtànṣán jáde, pa èèyàn mẹ́rin, ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà wà lára wọn.

Mo bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àjọ NNRA tó ń mójú tó ohun átọ́míìkì ní Nàìjíríà kí wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ta irú bátìrì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á padà, kó tó wọ ọjà Kútọ̀.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta