Ọmọ ilé wa ni wọ́n, ẹ má lé wọn

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tẹ́nì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí òbí lé ọmọ tó bá jẹ́ géè kúrò nílé kó má baà ran àwọn tó kù, àtìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ó ti pé ọdún 9 tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́ (mo gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kọ èyí). Tá a bá ti ń fi àwọn géè ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́ọ́fíìsì, òun lẹ̀rín ẹ̀ máa ń ròkè jù. Fóònù ẹ̀, ó máa ń da ojú ẹ̀ bolẹ̀ ni. Mi ò ka ìyẹn sí àfi lálẹ́ ọjọ́ kan tó sọ fún mi pé ọkùnrin lòun ń fẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé omi inú ife tó dì mú ń dà sílẹ̀, ó ní látìgbà tóun ti wà lọ́mọ ọdún 13 lòun ti mọ̀, òun gbààwẹ̀, òun gbàdúrà, òun tiẹ̀ fẹ́ obìnrin kan sọ́nà, ẹkún lọmọ ọlọ́mọ fi lọ nígbẹ̀yìn, kò yí padà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Kí ló ṣe mí tó fi ń bẹ̀ mí? Èmi tí mo ti bá wọn rẹ́rìn-ín ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ó ń ràn ni, àwa tá a bá a jókòó fọ́dún 9 ńkọ́? Kì í sì í ṣe àìsàn, àjọ ìlera àgbáyé WHO ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àìsàn láti 1990, àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn ní 1973. Àwọn tó ń sọ pé òyìnbó ló kó o wá, ṣé wọ́n mọ̀ pé òfin tó ń fi àwọn géè sẹ́wọ̀n ní Íńdíà tẹ́lẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kalẹ̀ ní 1860? Ilé ẹjọ́ àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ló wọ́gi lé e ní 2018, Bòtswánà náà ṣe tiwọn ní 2019.

Irú òfin yẹn ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, àwọn oníjìbìtì ló ń ràn lọ́wọ́. Ẹnì kan rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ọ̀rẹ́ mi yìí nígbà kan, ló bá ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣooṣù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tú àṣírí ẹ̀, kò sì lè fẹjọ́ sun ọlọ́pàá torí òun gan-an ni wọ́n máa tì mọ́lé. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀tọ́ kan náà ò jù báyìí lọ, kí ẹni tí wọ́n jà lólè lè ké gbàjarè. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni di géè.

Ìyá ẹ̀ ń pè é ní gbogbo Sunday, ó ń bi í pé ìgbà wo ló máa mú ìyàwó wálé. Ó ní òun máa sọ fún un, àmọ́ òun ò tíì mọ ọjọ́ tóun máa sọ ọ́. Ìwé ìròyìn yín ni màmá yẹn máa ń kà, ó sì ti ka lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tèmi náà jáde kó lè rí i kà.

Èmi ni, ọ̀kan lára àwọn òǹkàwé yín