Ṣé ìyá àgbà ló ń gbé kòrónà kiri ni?

Sí Olóòtú,

Ó bí mi nínú gidigidi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nígbà tí awakọ̀ kan ní Ìwó Road sọ fún mi pé bí owó bá ti wà lọ́wọ́ mi, òun yóò gbé mi dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2020 yìí ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn nítorí àrùn kòrónà, àfi àwọn tó ń kó oúnjẹ àti epo àti àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣe kókó. Èmi jókòó sílé nítorí pé òfin ni, ọmọbìnrin mi sì bí àkọ́bí rẹ̀ ní Agége, inú fóònù ni mo ti ki ọmọ náà ní oríkì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já mọ́ mi lẹ́nu.

Ta wá ni òfin náà ń dá dúró? Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ní màlúù àti àgbàdo ni àwọn kó ń kọjá pẹ̀lú ènìyàn lábẹ́ tápólì, àwọn tó wà lójú ọ̀nà ń gba owó, wọn kò sì yẹ ara ẹnikẹ́ni wò. Àwọn aláṣẹ tó ní kí á takété síra wa ni wọ́n rọ́ jọ síbi ìsìnkú Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ ààrẹ, l'Abùjá ní oṣù Kẹrin. Ilé ìjọsìn pàápàá ti gba àṣẹ láti ṣí láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà. Ìyá tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ń lé padà.

Mo mọ̀ pé àwa àgbà ni àrùn yìí ń pa jù, n kò sì sọ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ gbàgada. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ máa fún ìyá àgbà kan ṣoṣo ní ìwé àṣẹ fún ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí bá ti fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ orúkọ ìyá náà àti nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé e sínú ìwé, kí ó má baà di ọjà títà. Bí ó bá débẹ̀, kí ó dá yàrá gbé fún ọjọ́ 14 kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ, kí ó má sì padà sílé títí ìyá ọmọ yóò fi jáde ogójì. Kí wọ́n fìyà jẹ àwọn tó ń gbowó lójú ọ̀nà. Kí owó dátà náà sì wálẹ̀ díẹ̀.

Bí èyí bá le jù fún wọn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú tápólì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọ̀nyẹn wò, kí òfin mú gbogbo wa.

Èmi ni tiyín,
Ìyá àgbà kan ní Mọ́níyà, Ìbàdàn