Eyín màlúù àti ojú ọjọ́ ayé àtijọ́

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alápatà ni mí ní Ìlọrin. Tí mo bá la àgbọ̀n màlúù, eyín ẹ̀yìn tó fi ń lọ oúnjẹ máa ń gùn wọ inú egungun ju èyí tó yọ síta lọ. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi: koríko ní ohun líle bí iyanrìn nínú, ó sì ń jẹ eyín, nítorí náà eyín ní láti gùn kó tó lè pẹ́.

Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, ayé gbóná, igbó pọ̀. Ẹṣin ìgbà náà kò ju ajá lọ, ewé rírọ̀ ló ń jẹ. Nígbà tó di nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 ọdún sẹ́yìn, ayé tutù, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilẹ̀ Antarctica ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Lẹ́yìn náà ni pápá koríko ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀, tí eyín àwọn ẹran tó ń jẹ ẹ́ sì ń gùn sí i láti ìran dé ìran.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó ń sọ pé ojú ọjọ́ ti ń yí padà tipẹ́, nítorí náà kò séwu. Òótọ́ ni pé ó ti ń yí. Ṣùgbọ́n àìmọye ọdún ni àwọn ẹran wọ̀nyẹn rí láti fi bá ìyípadà náà mu. Ìyípadà tiwa yìí, lójú ẹ̀mí ẹnìkan ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì fi àwòrán eyín náà sí i fún àwọn ọmọ iléèwé.

Alápatà kan, Ìlọrin