Lẹ́tà sí Bàbá Ìkẹjà lórí ilẹ̀ ẹbí wa ní Ẹ̀pẹ́

Bàbá Ìkẹjà mi ọ̀wọ́n,

Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá yín mọ́ lẹ́yìn sàráà ọdún kẹta ikú yín, mo rí ewé ìwé ìròyìn kan nínú àpótí onírin yín, tí ẹ ká mọ́ àárín rìsíìtì ilẹ̀. Ìròyìn pápákọ̀ òfurufú tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn yóò kọ́ sí agbègbè Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ ni, ẹ sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé èèyàn mílíọ̀nù 5 ni yóò máa gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Mo mọ ohun tí bàálù jẹ́ fún yín. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé nígbà ogun Hitler, àwọn ọkọ̀ òfurufú kan wà tí wọ́n ń balẹ̀ sórí ọ̀sà Èkó, àti pé àkókò ogun yẹn náà ni wọ́n la pápá Ìkẹjà. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ńlá tuntun ibẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1979, èyí tí wọ́n fi ti pápákọ̀ Schiphol ní Amsterdam ṣe àwòkọ́ṣe, tí wọ́n sì fi sọrí Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní 1976, ẹ wà níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ yín. Ẹrù lẹ ń gbé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ròyìn rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹ̀yin lẹ ń wa bàálù. Mo fẹ́ràn yín fún un. Kò sí àgbà mìíràn nínú ẹbí wa tó jẹ́ kí ọmọdé máa bi òun ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àlàyé tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ fẹ́ ta oko kò ṣófo. Ẹ ní òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé bí ìjọba bá gba oko fún pápákọ̀, owó irè oko àti owó ilé tó wà lórí rẹ̀ ni wọn yóò san, wọn kò ní san iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà, nítorí náà kí a tètè tà á kí wọ́n tó dé. Òótọ́ ni, òfin wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ kò dé. Ebúté ńlá Lẹ́kí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote ní 2023, ilẹ̀ wá di ohun tí ọwọ́ wa kò lè tó mọ́. Ẹni tó ra tiwa mọ ògiri yí i ká, ó sì fi koríko sílẹ̀ nínú rẹ̀, èmi tí mo ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ wá ń ra gàrí ní kóńgò.

Bàbá, ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn àlejò yẹn wá ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Ẹ̀yin, àwọn àti bàbá mi jọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ ní kí n sáré lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá lójú títì. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ohùn bàbá mi, ohùn ẹni tí kì í pariwo, tó ga sókè. Nígbà tí mo padà dé, ó ti lọ, àwọn àlejò ń bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ yọ ìgò kan, ẹ ní kí n gbé e lọ fún un. Kò gbà á. Láti ọjọ́ náà, kò tún dá orúkọ oko yẹn mọ́. Kí lẹ sọ fún un? Ìtẹ̀ka ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé àbúrò yín mọ̀wé, ó sì máa ń buwọ́ lùwé dáadáa.

Agbẹjọ́rò ní bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí yòókù fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, bí wọn kò bá ti pẹ́ jù kí wọ́n tó pẹjọ́. Ó ń bi mí bóyá bàbá mi fọwọ́ sí i. Rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé rìsíìtì náà síwájú rẹ̀, ó sunkún, mi ò sì mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹkún náà ń sọ. Owó oògùn rẹ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi àti owó agbẹjọ́rò, ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n ń wò. Àwọn àbúrò yín ní kí n jáwọ́, pé ẹni tó ti kú kò lẹ́jọ́ mọ́. Mo ti ní kí agbẹjọ́rò pẹjọ́. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà àti àwọn ọmọ yín, tí a jọ dàgbà nínú ilé kan náà, ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ àbúrò yín.