Ìkéde Lórí Bí A Ó Ṣe Máa Tún Àkọtọ́ Ara Wa Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, mo kí yín. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹni tó bá rí àṣìkọ nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ fèsì sí kókó ọ̀rọ̀ náà, kí ó tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀, nítorí ó dùn mí pé ìfiniṣẹ̀sín ti pa àwọn kan lẹ́nu mọ́ láàárín wa. Ẹni tó kọ “aiye” dípò “ayé” kì í ṣe òpè. Bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ ọ́ kí àkọtọ́ ọdún 1974, ìyẹn ìlànà tuntun fún kíkọ èdè Yorùbá, tó dé. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà, bí “ọkọ́” àti “ọkọ̀”. Ẹ fi èrò yín ṣọwọ́ sí mi kí ọjọ́ Àìkú tó parí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́