Ọmọ Inú Àpò Bébà

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù Kristi.

Lọ́sẹ̀ yìí, fíìmù kan ni kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Tsotsi ni àkọlé rẹ̀. Gavin Hood ló darí rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2005, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 2006, láàárín àwọn fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Jàǹdùkú ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní àdúgbò àwọn tálákà Johannesburg, òun náà sì ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, nítorí kò sọ orúkọ àbísọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń da ìbéèrè bò ó nípa ẹni tó jẹ́, ńṣe ló lu onítọ̀hún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó yìnbọn fún obìnrin kan, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, láìmọ̀ pé ọmọ jòjòló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ti fẹ́ fi ọmọ náà sílẹ̀ kó tó padà, tó gbé e sínú àpò bébà. Ìwé ìròyìn ló fi ṣe ìlédìí fún un, mílíìkì alágolo ló fi bọ́ ọ; nígbà tó sì ti ibi tó lọ dé, èèrà ti bo ojú ọmọ náà. Ẹ wo ọwọ́ tó mú ìbọn lánàá, tó ń ṣa èèrà kúrò lójú ìkókó.

Ọmọ náà kò wàásù fún un, kò sì dá a lẹ́jọ́. Ẹkún ló ń sun, ó sì nílò rẹ̀. Ìbọn ló fi fipá mú opó kan tó ń jẹ́ Miriam pé kó fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n obìnrin náà gbé ọmọ náà mọ́ra bí ẹni pé tirẹ̀ ni, òun náà ló sì wá rọ̀ ọ́ pé kó dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀. Mo gbà pé báyìí ni Ọlọ́run ṣe ń mú ọkàn òkúta kúrò, gẹ́gẹ́ bí ìlérí rẹ̀ nínú Ìsíkíẹ́lì 36:26.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ká mi lára jù. A fẹ́ràn ẹ̀rí ẹni tó yí padà, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jésù ti wọ ilé Sákéù, olórí agbowó-orí, kí Sákéù tó sọ pé òun yóò san ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìfẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n Sákéù gbà láti san án. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn òbí ọmọ náà, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn àti omijé lójú, àwọn ọlọ́pàá sì na ìbọn sí i. Ó gbé ọmọ náà fún bàbá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Bí ohun olóhun bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, tí ẹ̀rù sì ń bà yín láti dá a padà, ẹ wá bá mi. N ó bá yín dé ẹnu ọ̀nà ilé olóhun.