Iye ìbò wọ́ọ̀dù wa dà?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn.

Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún ló mú mi kọ eléyìí. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní kò síbi kankan nílùú òyìnbó tí pátì kan ti lè gbá gbogbo ipò káńsẹ́lọ̀ láìku ẹyọ kan, ó ní Ọ̀ṣun wa níbí nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, pé ibi téèyàn bá ti rí i kó yáa mọ̀ pé ojóró ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn ún gbọ́ àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní London gan-an, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n káwọn olóṣèlú wa má tíì pàtẹ́wọ́ o, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe níbí ní Iléṣà, ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì, ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mi ò ní dárúkọ èyí tó jẹ́. Àwọn tó ń wá gbàwé pé ọmọ bíbí ìlú làwọn ni kọ́sítọ́mà mi tẹ́lẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹlòmíì á ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí alága, kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ mo ti pa owó epo jẹ́nẹ́rétọ̀. Láti oṣù kejì 2025 tí wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n pààyàn láwọn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ọ̀ṣun, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ní káwọn èèyàn àwọn jókòó sílé, àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì yẹn. Koríko ti dé orúnkún. Ewúrẹ́ ìyá ẹlẹ́kọ iwájú wa ló ń sùn sí fàráńdà táwọn akọ̀wé ti máa ń gbatẹ́gùn, ó ti bímọ méjì síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ráyè ka ìwé ìròyìn yín látòkè délẹ̀, títí kan ìpolówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ àǹtí mi, Dagenham ló ń gbé, lápá ìlà oòrùn London, Barking and Dagenham lorúkọ káńsù wọn, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni Ford ti ń ṣe mọ́tò látọdún 1931 kí wọ́n tó ṣíwọ́ mọ́tò ṣíṣe lọ́dún 2002, àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ló kún àdúgbò náà nígbà kan, àmọ́ ní báyìí tẹ́ ẹ bá dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ẹ máa gbọ́ Yorùbá, kódà àbúrò mi ní òun gbọ́ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé lọ́jọ́ kan, wọ́n ń fi bú ọkọ ẹnì kan.

Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún 2022 ni gbogbo káńsù London dìbò, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dì í. Àbúrò mi ò tíì di ọmọ onílùú nígbà yẹn o, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹni tí ìwé ìgbélùú ẹ̀ bá ti pé tó sì ti forúkọ sílẹ̀ lè dìbò káńsù. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú, ló bá yà síléèwé àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ti ń dìbò, aago méje àárọ̀ ni wọ́n ṣí i, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ kí wọ́n tó tì í. Kò sí hólídè, Tọ́sìdeè ni, kálukú ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ní kí mọ́tò má rìn. Ó ní òun ò bá ọlọ́pàá kankan níbẹ̀. Wọ́n bi í lórúkọ àti ilé tó ń gbé, wọ́n fàlà sórúkọ ẹ̀, wọ́n fún un ní bébà, ó tán. Wọn ò tíì máa bèèrè káàdì tó ní fọ́tò nígbà yẹn, 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Pẹ́ńsù tí wọ́n fokùn so mọ́ pákó ló fi ya X mẹ́ta, torí káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta ni wọ́ọ̀dù wọn ń mú.

Pẹ́ńsù ni mo gbọ́ tí mo fi pariwo lórí fóònù. Mo ní ṣé pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń dìbò ní London, wọn ò ní fi rọ́bà pa á rẹ́ lóru? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní "Brọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ráyè ẹ̀?" Kí n má parọ́, kò tíì wọ̀ mí lára dòní, ìka tí mo tì bọ yíǹkì lèmi mọ̀.

Nígbà tésì jáde, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour gba ipò káńsẹ́lọ̀ 51 nínú 51. Bó ṣe rí náà nìyẹn lọ́dún 2010, lọ́dún 2014, lọ́dún 2018. Ní Lewisham tó wà lódìkejì odò, 54 nínú 54 ni, ní 2018 àti 2022. Kí ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà yẹn lè mọ̀.

Àbúrò mi fi èsì wọ́ọ̀dù wọn gbogbo ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí káńsù ṣe gbé e jáde, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ó ti pọ́n. Ìgbà tí OSIEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ l'Ọ́ṣun, wá dìbò tiwa lọ́jọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2025, tí wọ́n kéde pé PDP ló gba alága 30 nínú 30, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ PDP, tó jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì mi nilẹ̀ ti ń mọ́ bá a tí ibẹ̀ náà ló sì ń ṣú sí, fò dìde ó ń nawọ́ sí bébà yẹn, "Ẹ ò rí i! 51 nínú 51! Kí lẹ wá ń bú wa sí?" Ọmọ APC tó jókòó tì í ò rí nǹkan sọ, torí lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá 2022 nígbà tí gómìnà tiwọn ò tíì kúrò lórí àga, àwọn náà ló gba 30 nínú 30, ìdìbò tí ẹjọ́ ẹ̀ ti ń ti kóòtù kan bọ́ sí òmíì, tó sì wà lára ohun tó gbé àgádágodo sẹ́nu géètì tí mò ń wí.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi sún mọ́ ògiri dáadáa. Mo ní kó má ka 51, kó ka ohun tó wà lábẹ́ wọ́ọ̀dù kan péré. Gbogbo ẹni tó du ipò ló wà níbẹ̀, orúkọ, pátì, iye ìbò. Ẹni tó fìdí rẹmi pátápátá náà wà níbẹ̀, iye ìbò tó ní wà níwájú orúkọ ẹ̀. Bébà tó bàjẹ́, wọ́n kọ iye tó jẹ́. Mo wá bi í pé, "Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tiwa níbí, ìbò mélòó ló ní? Ta ló ṣe ìkejì?" Ó họrí. Mo kọjú sí ọmọ APC, mo ní tiyín ti 2022 ńkọ́, òun náà ń wo ìta. A wá ń bi ara wa pé kí ni orúkọ káńsẹ́lọ̀ náà gan-an, èèyàn mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ mẹ́ta la dá.

Bàbá tó bí bàbá mi, òṣómàáló ni. Aṣọ ló ń tà láwìn kiri Èkìtì, tó bá wá tó àsìkò àtigbowó á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láàárọ̀ kùtùkùtù, kò níí jókòó, kò níí mu omi wọn, òṣó ló máa ló títí owó fi máa jáde. Wọ́n ní tówó bá wá jáde tán, ojú ẹni tó san án ló ti máa ń kà á, á tún un kà, á wá fa ìlà kan sára ògiri ilé onílé. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan wá sọ fún bàbá yẹn pé "owó ẹ pé, ẹ ṣáà gbà á, ẹ má kà á." Ọmọ ọmọ ẹ̀ ni wọ́n wá ń sọ ọ́ fún yìí, tá a sì ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, à á rí i tó bá dọdún mẹ́ta.

Àwọn kan máa sọ pé ohun tó fà á ni pé gómìnà ló ń yan àwọn OSIEC. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní London náà, ọ̀gá òṣìṣẹ́ káńsù fúnra ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ adarí ìbò, owó oṣù káńsù ló ń gbà. Síbẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù karùn-ún yẹn kan náà, káńsù Westminster tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1964, bọ́ sọ́wọ́ Labour, 31 sí 23. Ọmọ Conservative ni Boris Johnson tó ń ṣe olórí ìjọba nígbà yẹn o, inú Westminster sì nilé tí ìjọba fi í sí wà, abẹ́ káńsù yẹn ni. Káńsù Wandsworth tó wà lọ́wọ́ Conservative látọdún 1978 náà lọ. Ẹ wá fojú inú wo kí pátì gómìnà pàdánù ìjọba ìbílẹ̀ tí Gọ́fúmẹ́ǹtì Háòsì wà, l'Óṣogbo. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

51 nínú 51 ti Dagenham yẹn gan-an ní ìtàn. Lọ́dún 2006 ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BNP, tí wọn ò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú sójú, gba káńsẹ́lọ̀ 12 níbẹ̀, Labour gba 38, Conservative gba 1. Ilé ló wọ́n, àwọn onílùú ń to orúkọ fún ilé tí káńsù fi ń háyà, wọn ò rí i gbà, làwọn wọ̀nyí bá ń pín ìwé pélébé pé wọ́n ń fún àwọn ará Áfíríkà ní £50,000 láti wá ra ilé ládùúgbò náà. Irọ́ funfun báláú. (Àbúrò mi ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tó ń pín in, rẹ́ǹtì lòun ń san.) Ṣùgbọ́n èsì wà nílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, iye ìbò wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó fẹ́ lé wọn kúrò mọ àdúgbò tó yẹ kóun lọ kanlẹ̀kùn. Nígbà tó di 2010, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìdìbò ilé aṣòfin, èrò tú jáde, gbogbo àwọn 12 yẹn lọ láìku ẹnì kan, Nick Griffin tó jẹ́ ọ̀gá wọn wá du ipò aṣòfin Barking fúnra ẹ̀, Margaret Hodge ti Labour fẹ̀yìn ẹ̀ gbálẹ̀. Bí 51 nínú 51 ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mi ò sọ pé ìlú àwọn dùn bí oyin o. Ní 2022 yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni ò yọjú rárá, àwọn Yorùbá méjì tí wọ́n jọ ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ pẹ̀lú àbúrò mi kọjá lọ sùn ni, wọ́n ní kí ló kàn wọ́n níbẹ̀.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Wọ́ọ̀dù 332 la ní ní Ọ̀ṣun. Ẹ ti gbé fọ́tò àwọn alága tó ń búra jáde, agbádá wọn dáa, mo rí i. Ẹ wá rán ọmọ iṣẹ́ yín kan lọ bá OSIEC kó gba ìwé èsì, Ìlà Oòrùn Iléṣà àti Ìwọ̀ Oòrùn Iléṣà nìkan ẹ kọ́kọ́ fún wa, ẹni tó wọlé, ẹni tó fìdí rẹmi, iye ìbò kálukú, bébà tó bàjẹ́. Ti 2022 náà, kí ọmọ APC lórí bẹ́ǹṣì mi má bàa rò pé torí òun ni mo ṣe kọ̀wé. Tí wọn ò bá fún un, ẹ kọ ọ́ síwájú ìwé ìròyìn pé wọn ò fún un, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó lọ.

Mo ti ṣí kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Dagenham kúrò lára ògiri, àyè ti wà. Bébà tèmi ni, yíǹkì tèmi ni, èmi náà ni máa bu epo sí jẹ́nẹ́rétọ̀.

Èmi ni tiyín,
Baba Ìbejì Oníkọ̀ǹpútà,
Iléṣà.